Iná Tàn, Iṣẹ́ Kò Lọ: Okùn Bàbà Méjì àti Ihò Kan ní Yàrá Server kan ní Tánkẹ̀

Ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) tó máa ń parí láàrin wákàtí 3 lálẹ́ di iṣẹ́ wákàtí 9. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ ti mú ní Ìlọrin débi pé ènìyàn lè fi ìka kọ orúkọ sára ọkọ̀ tó sùn síta mọ́jú. Tánkẹ̀ ni ibi iṣẹ́ náà wà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní yàrá server èyíkéyìí láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà.

Server 3, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, ló wà nínú yàrá náà. Ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lò lójúmọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìpamọ́: bí agogo 10 alẹ́ bá ti lù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan bíi terabyte 6 láti ara àwọn méjì yòókù, á sì máa kọ ọ́ sínú àpótí kan tó gba dísìkì 12. Switch kan, ẹ̀rọ tó ń pín ọ̀rọ̀ láàrin àwọn kọ̀ǹpútà, ló so wọ́n pọ̀, ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé gigabit 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tó wà láàrin switch àti server kì í ṣe fáíbà. Okùn bàbà ni, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní DAC, tí wọ́n ti mọ orí onírin mọ́ ọn nípẹ̀kun méjèèjì láti ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè tú. Orí ti ibí yìí jẹ́ SFP28. Láàrin server kẹta àti àpótí dísìkì, okùn bàbà mìíràn ni wọ́n lò, ti SAS (ìlànà tí wọ́n fi ń so dísìkì mọ́ server), orí rẹ̀ jẹ́ SFF-8644. Ọ̀nà 4 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbé gigabit 12.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n gbé server kẹta pẹ̀lú àpótí rẹ̀ kúrò nínú rack (àgbékọ́ irin tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí) àkọ́kọ́ lọ sínú rack kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ooru lè dínkù. Okùn mítà 2 tó ti ń lọ sí switch tẹ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, wọ́n bá ra ti mítà 5. Okùn SAS mítà 1 ni wọ́n tún lò bó ṣe wà, wọ́n fà á títí ó fi dé.

Dísìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi tuntun sí i. Kíkọ́ àkójọ dísìkì náà padà gba ọjọ́ kan gbáko, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà sì tún wá burú sí i. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó yàrá náà sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé: “Àlàájì, mo ti yẹ gbogbo ihò wò. Iná gbogbo wọn tàn, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ohun tí iná yẹn ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ méjèèjì ti gbọ́ ohùn ara wọn. Kò sọ bóyá wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn yé. Ẹni tó bá lọ ra ìkòkò ní Dada, ní Òkèlele, kì í fi ojú nìkan rà á. Á fi ìka gbá a, á fetí sí ohùn rẹ̀, torí ìkòkò lè máa dán kó sì ti sán nínú. Ohùn okùn bàbà ni iye àṣìṣe tí ẹ̀rọ ń kà.

Kíkà àṣìṣe

Lórí server Linux, àṣẹ `ethtool -S ens2f0` (ens2f0 ni orúkọ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì server náà) á tú nọ́ńbà rẹpẹtẹ jáde. Lórí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀, èyí tí a wá ni `rx_crc_errors_phy`, iye férémù (ìdì ọ̀rọ̀ kékeré) tó ti bàjẹ́ kó tó dé; CRC ni àyẹ̀wò tó ń fi ìbàjẹ́ náà hàn. Káàdì mìíràn lè pè é ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n “crc” kì í sábà wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ má ka nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ sì dájọ́. Ó ti ń jọ láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ, kódà fífi okùn bọ ihò lásán a máa fi díẹ̀ kún un. Ẹ kà á nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún kà á, kí ẹ wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Ohun tó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Server àkọ́kọ́: 0. Server kejì: 0. Server kẹta: 61,400 láàrin ìṣẹ́jú 10.

Lápá switch, ihò tó kọjú sí server kẹta kò ka àṣìṣe kankan. Èyí máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn: ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ló ń ka àṣìṣe, kì í ṣe ẹni tó rán an. Nínú okùn SFP28, wáyà bàbà méjì ló jọ ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, méjì mìíràn ló ń gbé e bọ̀. Lálẹ́, láti switch sí server kẹta ni ẹrù ń lọ, apá padàbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Tí ẹ bá ka ẹ̀gbẹ́ kan péré, ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó ń sùn lẹ kà.

Ní ìwọ̀n bí ẹrù ṣe ń lọ lọ́jọ́ náà, 61,400 túmọ̀ sí pé nínú férémù bíi 1,200, ọ̀kan ń bàjẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé kò tó nǹkan. Ó tó. Férémù tó bàjẹ́, káàdì á dà á nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó rán an á dín eré rẹ̀ kù, nítorí ó rò pé ọ̀nà ti kún. Bó bá wá jẹ́ pé férémù tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló sọnù, Linux lè dúró fún tó ìdá kan nínú 5 ìṣẹ́jú àáyá kó tó tún un rán. Láàrin àsìkò kékeré yẹn, ọ̀nà gigabit 25 ì bá ti gbé megabyte 625. Ìdúró bẹ́ẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóru kan ló jẹ wákàtí wọn.

Okùn náà sọ irú ẹni tó jẹ́

Ìlẹ́kẹ̀ kékeré kan tó ń rántí nǹkan (chip) wà nínú orí gbogbo okùn DAC. `ethtool -m ens2f0` á ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀: olùṣe, nọ́ńbà rẹ̀, gígùn rẹ̀, àti irú ìlànà tó bá mu. Ti server kẹta ní mítà 5, àmì rẹ̀ sì jẹ́ 0x0b. Àmì yẹn ló yanjú ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìlànà IEEE 802.3by tó jáde ní 2016 pín okùn bàbà gigabit 25 sí ọ̀nà mẹ́ta. CA-N ni èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìní ìrànlọ́wọ́ kankan, kì í ju mítà 3 lọ, àmì rẹ̀ nínú ìlẹ́kẹ̀ ni 0x0d. CA-S náà kì í ju mítà 3, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, àmì rẹ̀ ni 0x0c. CA-L ni èyí tó lè dé mítà 5, 0x0b ni tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí RS-FEC. FEC ni àfikún tí ẹ̀rọ tó ń rán ọ̀rọ̀ ń so mọ́ ọn kí ẹni tó gbà á lè tún èyí tó bàjẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ láìbéèrè pé kí wọ́n tún un rán. Irú ti RS ń kó bíìtì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, á fi ẹyọ 14 kún ẹyọ 514 kó di 528, ó sì lè tún tó ẹyọ 7 ṣe nínú wọn.

Kí ló dé tí mítà 5 fi le tó bẹ́ẹ̀? Ní eré yìí, àmì iná kì í gba inú bàbà kọjá. Ara rẹ̀ ló ń gbà, nínú awọ kan tí kò nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimita. Bí wáyà bá tínrín, awọ yẹn kò fẹ̀, agbára á sì máa ṣòfò. Ìlànà gbà kí okùn CA-L jẹ decibel 22.48, kí CA-N jẹ 15.5. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí fóltéèjì: ohun tó jáde lẹ́nu CA-N jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 6 ohun tó wọlé, ti CA-L jẹ́ ìdá kan nínú 13. Ọ̀rọ̀ tó ti di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni káàdì ń tẹ́tí sí.

Lára okùn náà gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé 30AWG. AWG ni ìwọ̀n ìnípọn wáyà: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni wáyà ṣe tínrín tó. Wáyà 30 nípọn milimita 0.255, wáyà 26 tó 0.405. Fún mítà 1 sí 3, 30 dára, ó rọ̀, ó sì rọrùn láti tò sínú rack. Fún mítà 5 ní gigabit 25, 26 ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó ń gbé ní Ìlọrin tó ń pàṣẹ okùn láti Computer Village ní Ìkẹjà, kó ní kí wọ́n ya fọ́tò ohun tí wọ́n tẹ̀ sára okùn ránṣẹ́ kó tó sanwó. Ìwé tó wà lára ọ̀rá nìkan kò tó, torí nọ́ńbà AWG kì í sábà sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni `ethtool --show-fec ens2f0` fi hàn pé FEC wà ní “Off”. Ní switch, ó wà ní pípa bákan náà. Nígbà tí okùn mítà 2 ṣì wà níbẹ̀, ẹnìkan ti fọwọ́ yan eré àti FEC fún ihò náà, ó sì pa ìdúnàádúrà aládàáṣe tí ẹ̀rọ méjèèjì ìbá máa ṣe fúnra wọn. Okùn CA-N kò nílò FEC, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí àbùkù. Wọ́n pààrọ̀ okùn, ètò àtijọ́ kò yí padà. Ó burú ju kí ẹ̀gbẹ́ kan ní FEC kí èkejì má ní in. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iná kì bá tàn rárá, wọn ì bá sì ti mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n lọ́jọ́ kìíní.

Títan FEC

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà á já nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ má gba orí okùn náà wọ server láti ṣe é; ẹ gba ihò àbójútó, tàbí kí ẹ jókòó níwájú rẹ̀. Ihò switch ni wọ́n kọ́kọ́ yí sí RS, iná rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ lórí server pé `ethtool --set-fec ens2f0 encoding rs`, iná sì padà dé. Àṣẹ yìí kì í kọjá ìgbà tí ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ètò ìbẹ̀rẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì server náà. Lórí switch pẹ̀lú, ẹ fi ètò náà pamọ́. Bí iná bá lọ lóru tí bátìrì sì tán kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ amúnáwá, ohun tí ẹ kò fi pamọ́ á parẹ́.

Àṣìṣe CRC lọ sílẹ̀ láti 61,400 sí 3 láàrin ìṣẹ́jú 10. Lálẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ parí ní wákàtí 5 ààbọ̀.

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń dẹwọ́. 3 kì í ṣe 0. Bí FEC bá ti wà lórí iṣẹ́ tí àṣìṣe CRC sì tún ń kọjá, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń ba ju ẹyọ 7 jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àbùkù gígùn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́, níbi gbogbo. Ohun tó ń bàjẹ́ lójijì tó tún ń dákẹ́, ẹ wá a ní ibi tí irin ti ń kan irin.

Ihò kọkànlá

`ethtool -I --show-fec ens2f0` ń fi nọ́ńbà méjì hàn: `corrected_blocks`, èyí tí FEC tún ṣe, àti `uncorrectable_blocks`, èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fi wákàtí kan wò ó. Èyí tó bọ́ jẹ́ 14. Wọ́n yọ orí okùn kúrò ní ihò 11 lórí switch, wọ́n fi sí ihò 5, ohun mìíràn kankan kò yí padà. Wákàtí kan: 0. Wọ́n dá a padà sí ihò 11. Wákàtí kan: 9. Ìgbà tí wọ́n dá a padà yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Bí ẹ bá sún okùn kúrò níbì kan tí nǹkan sì dára, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló burú, àbí yíyọ tí ẹ yọ ọ́ ló ti nù ún. Ẹ dá a padà kí àìsàn náà tún fojú hàn, nígbà náà ni ọwọ́ yín tó tẹ̀ ẹ́.

Ihò 5 ní ìdérí rọ́bà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra switch. Ihò 11 kò ní. Ó máa ń ya ẹnu sílẹ̀ nígbàkigbà tí okùn kò bá sí nínú rẹ̀, fèrèsé yàrá náà kò sì pa dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì fi eruku funfun tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ hàn. Eruku ọyẹ́ kúnná ju eruku ojú ọ̀nà lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá láti ìhà Sàhárà, kò sì sí ibi tí kì í wọ̀.

Orí SFP ní eyín wúrà 20, mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Nínú ihò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta bí sípíríìnì ló ń tẹ eyín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí orí okùn bá ń wọlé, irin náà á fa ara rẹ̀ lórí eyín, á sì nu ara wọn. Eruku díẹ̀ kò lè di ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, irin á gùn orí eruku dípò wúrà. Ìfarakanra á wá di aláìdúróṣinṣin: bí fáànù bá gbọ̀n ọ́n, ó já fún ìgbà kékeré tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì tó wà lójú ọ̀nà nígbà náà sì ti lọ.

Bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ nìyí. Wọ́n pa switch lálẹ́ Sátidé, wọ́n yọ okùn iná rẹ̀. Ẹni tó ṣe é fi okùn ìdáàbòbò tó lọ sí ilẹ̀ so mọ́ ọrùn ọwọ́. Nínú ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ báyìí, ara ènìyàn a máa kó iná jọ débi tó lè ba ìlẹ́kẹ̀ inú orí okùn jẹ́ láìmọ̀. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú agolo fẹ́ ihò náà ní ìgbà díẹ̀ kúkúrú, agolo wà ní ìdúró ṣánṣán kí omi rẹ̀ má bàa tú jáde. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí òwú etí, kò sí ohunkóhun tó wọ inú ihò, nítorí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó bá ti wọ́ kò ṣeé tún ṣe, odidi switch ló máa lọ. Fún eyín orí okùn, wọ́n fi isopropyl alcohol ìdá 99 rin aṣọ tí kì í bọ́ irun, wọ́n nù ún láti inú bọ̀ wá síta, wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 5. Ti ìdá 70 tó wà ní ilé oògùn ní omi púpọ̀ nínú, kò dára fún èyí. Rọ́bà ìpawé tí àwọn kan ń lò burú gan-an: wúrà orí eyín kò nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimita, rọ́bà á hó o títí yóò fi kan nikẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìpáta á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá dé. Níkẹyìn, wọ́n ti orí tó mọ́ bọ ihò, wọ́n fà á jáde, lẹ́ẹ̀mẹta. Ahọ́n tó wà lẹ́yìn orí ni wọ́n di mú, kì í ṣe okùn.

Lẹ́yìn èyí, `uncorrectable_blocks` dúró sí 0. Gbogbo ihò tó ṣófo gba ìdérí.

`corrected_blocks` ṣì ń sáré, nítorí mítà 5 tó tínrín yẹn kò yí padà. Àwọn kan á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí FEC ń tún un ṣe. Kò yẹ. Ààyè tí FEC ní ni wọ́n ti ná tán, eruku díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ á tún dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n mú òwú, wọ́n fi tọ ipa ọ̀nà tí okùn gbà: ó gun òkè rack, ó kọjá sí èkejì, ó sọ̀ kalẹ̀. Mítà 4.4. Wọ́n wá tọ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, láti ihò tó wà láàrin rack méjèèjì nísàlẹ̀. Mítà 2.1. Pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 30 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, okùn mítà 3 tó, ó sì ṣẹ́kù. Wọ́n ra ti mítà 3, wọ́n fi RS-FEC sílẹ̀ lórí iṣẹ́. Ohun tí FEC ń tún ṣe wá dínkù débi pé ẹ lè ka á lórí ìka láàrin ìṣẹ́jú 10.

Okùn SAS

Iṣẹ́ ṣì ń gba ju wákàtí 5 lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti mọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ kù sí àárín server kẹta àti àpótí rẹ̀. `dmesg`, ìwé tí Linux ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rọ sí, kún fún àṣẹ tí káàdì SAS tún rán, àti ìgbà tí ọ̀nà tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá dísìkì lẹ́bi: orúkọ dísìkì ni ìlà náà ń dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti jí ẹrù rẹ̀ gbé.

Ẹ̀rọ SAS ń ka àṣìṣe ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì mú kí ẹjọ́ rọrùn láti dá nìyẹn. `smartctl -l sasphy /dev/sdb` ń ka ẹnu dísìkì. Wọ́n ka ti gbogbo dísìkì 12, nọ́ńbà kankan kò yí padà láàrin ìṣẹ́jú 10. Dísìkì kò jẹ̀bi, okùn inú àpótí kò jẹ̀bi. `grep . /sys/class/sas_phy/*/invalid_dword_count` ń ka ẹnu káàdì. Nínú ọ̀nà 4 tó wọ àpótí, mẹ́ta jẹ́ 0. Ọ̀nà kẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi 18,342 kún ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10. Nígbà mìíràn ó máa ń jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ pátápátá.

Jíjáde yẹn gan-an kò dín eré kù lọ́nà tó ṣe kókó, gigabit 36 tó kù pọ̀ ju ohun tí dísìkì 12 lè kọ. Ìdúró ló ń pa á. Bí ọ̀nà bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo dísìkì á dúró dè é.

Ojú lásán rí ìyókù. Server wà lókè rack, àpótí wà nísàlẹ̀, okùn mítà 1 sì nà ṣan láàrin wọn. Láti ẹnu orí rẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ sókè bí ìgúnpá. Ẹnìkan tún ti fi táì oníke dè é mọ́ òpó, ó fà á títí rọ́bà fi lu inú.

Inú okùn yìí, wáyà bàbà méjì-méjì ló jọ ń rìn, fóìlì wé méjèèjì pọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, ìkejì ń sọ òdìkejì rẹ̀, ẹni tó gbà á sì ń wo ìyàtọ̀ àárín wọn. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ òfì ní Ìlọrin mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òwú kan bá dẹ̀ tí ẹnìkejì rẹ̀ le: ọnà á yẹ̀. Bí ọrùn okùn bá ṣẹ́, wáyà tó wà lápá òde á gùn ju ti apá inú lọ, àmì méjèèjì kò ní gúnlẹ̀ pọ̀ mọ́. Ní gigabit 12, bíìtì kan kò gùn ju milimita 17 tàbí 18 lọ nínú okùn. Ní gigabit 25, nǹkan bíi milimita 8 ni. Milimita kan péré tó bá yàtọ̀ ti ń jẹ nínú ẹ̀tọ́ bíìtì. Táì tún tẹ wáyà méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ohm 100 tó yẹ kó wà láàrin wọn já wálẹ̀ níbẹ̀, apá kan àmì á sì ta padà bí ohùn tó kọlu ògiri. Ohun tó mú un jẹ́ ọ̀nà kan péré nínú mẹ́rin ni pé wáyà tó wà ní ẹ̀yìn ìgúnpá ni ó jìyà jù.

Wọ́n fi okùn mítà 2 rọ́pò rẹ̀. Ó jáde láti ẹnu ihò ní tààrà fún sẹ̀ǹtímítà 5 kó tó yí. Ìwé olùṣe ni kí ẹ tẹ̀lé fún bó ṣe lè yí tó. Níbi tí ìwé kò bá sí, ẹ ṣírò ìlọ́po 10 ìnípọn okùn: bí okùn tó nípọn milimita 7 bá ká, kí ó má ṣe sún mọ́ àárín òbírípo rẹ̀ ju milimita 70 lọ. Velcro ni wọ́n fi dè é, ó sì dẹ̀ tó láti fi ìka kan bọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n ká a ní òbírípo ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rack, níbi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò lè tẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ parí ní wákàtí 3 ku ìṣẹ́jú 5. Wọ́n ka gbogbo nọ́ńbà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7: CRC 0, `uncorrectable_blocks` 0, ọ̀nà SAS mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 0. Dísìkì tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, wọ́n dán an wò látòkèdélẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é, wọ́n sì fi í pamọ́ fún ìgbà tí òmíràn bá kú ní tòótọ́. Okùn mítà 5 náà kò bàjẹ́, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé “30AWG, gigabit 10 nìkan.” Okùn SAS tó ṣẹ́ ọrùn ni wọ́n fi ìgéwáyà gé sí méjì kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, nítorí rọ́bà rẹ̀ ṣì ń dán, ẹni tó bá sì rí i nínú àpótí lọ́jọ́ tí nǹkan bá há á lè tún fi í sẹ́nu ihò.